Iná Tí Ìyá Télọ̀ Gbàwé Àṣẹ Fún

Ìjì tó jà níbẹ̀rẹ̀ oṣù náà kò ṣí òrùlé ẹnikẹ́ni ní òpópónà wa. Igi ńlá ẹ̀yìnkùlé Ìyá Télọ̀ nìkan ló dojú ìjà kọ, ó sì lù ú bí ẹni tí wọ́n ti jọ ní asọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, igi ṣì dúró, àmọ́ ìdajì ẹ̀ka rẹ̀ ló wà nílẹ̀. Ewé bo okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ẹ̀ka kan na ara rẹ̀ sórí àtẹ̀gùn kíṣìnì bí àlejò tí wọn ò tíì fún ní ìjókòó.

Ìyá Télọ̀ ṣí ilẹ̀kùn kíṣìnì, ó fọwọ́ mú ìbàdí, ó wo gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Ogójì ọdún gbáko ló fi ránṣọ fún àdúgbò yẹn, kò sì sí àyà tàbí ìbàdí kan níbẹ̀ tí kò mọ ìwọ̀n rẹ̀, títí kan ti àwọn tó ń purọ́ pé àwọn ò sanra sí i. Ọkọ rẹ̀ ló gbin igi náà lọ́dún tí wọ́n kó wọlé. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí ọkọ ọ̀hún ti kú. Òun nìkan ló kù nínú ilé pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lójú fèrèsé.

Ó wí fún igi náà pé, "O ṣeun. Ò bá kúkú wó lu ilé pátápátá, kí ọmọ mi lè rí ẹnu sọ̀rọ̀ dáadáa."

Torí ọmọ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ka igi fi di ọ̀rọ̀ ńlá. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Iléeṣẹ́ ìbánigbófò ló ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń san owó oṣù fún un lé lórí ni pé kí ó máa ronú gbogbo aburú tó lè bá ọmọ ẹ̀dá, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo ìyá rẹ̀ nínú ilé náà bí ẹni ń wo ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì lórí òkè. Ó ti tún yàrá kan ṣe dè é nílé tirẹ̀, ní àjà kẹta. Yàrá náà mọ́ tónítóní, tìmùtìmù tuntun wà níbẹ̀, ògiri ilé ẹlòmíràn sì ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí.

Ohun tó tún bà á jẹ́ ni ìwé ìkìlọ̀. Oṣù mẹ́rin ṣáájú ìjì náà, Ìyá Télọ̀ gbá ewé jọ, ó ṣáná sí i, bí òun àti gbogbo ayé ṣe ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀. Kò mọ̀ pé òfin tuntun ti dé: ẹni tó bá fẹ́ sun pàǹtí ní àgbàlá rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Tíṣà, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí fẹ́ǹsì kan ṣoṣo pààlà àwọn méjèèjì, ló kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì. Àwọn panápaná wá, wọ́n da omi sí ewé ìyá arúgbó, wọ́n já ìwé fún un. Ọmọ rẹ̀ bá ìwé náà lábẹ́ àwo lórí tábìlì, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò wí nǹkan kan. Tí ọmọ yẹn bá dákẹ́, ẹ bẹ̀rù rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ìjì, ó dé pẹ̀lú bàtà ọ́fíìsì, ó ń gbẹ́sẹ̀ láàárín ẹ̀ka bí ẹni tí ń sá fún ejò.

"Màmá, ta ló máa kó èyí?"

"Èmi náà ni."

"Akólẹ̀ ò ní gbé e. Ohun tó bá wọ inú àpò nìkan ni wọ́n ń gbé. Ẹ ò sì lè dáná sun ún."

"Mo lè dáná sun ún tí wọ́n bá fún mi láṣẹ."

Ọmọ mí kanlẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ó ní òpin. Tó bá di Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, òun máa gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá. Bí ẹ̀ka kan bá ṣẹ́ kù nílẹ̀ ní àgbàlá yìí, òun máa gbé ẹrù ìyá sínú ọkọ̀, wọ́n á jọ máa lọ, kò sì ní sí àríyànjiyàn. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ohùn tí wọ́n fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ló fi sọ ọ́, ìyẹn ló sì gún ìyá rẹ̀ lára jù.

"Tí ẹyọ kan ò bá ṣẹ́ kù ńkọ́?" ni ìyá bi í.

"Màá dákẹ́."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí dìgbà tí ẹ̀yin fúnra yín bá pè mí."

"Ó dáa. Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ."

Ọjọ́ kẹta, Ìyá Télọ̀ wọ bàtà rẹ̀ tó le jù, ó kọrí sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fúnni níwèé àṣẹ. Iyàrá kékeré ni, lókè ibi tí àwọn panápaná ń gbé ọkọ̀ wọn sí. Àga mẹ́fà ló wà níbẹ̀, wọ́n ká páálí sábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀kan kó má baà mì. Ọmọbìnrin akọ̀wé kan jókòó sẹ́yìn gíláàsì tó ní ihò róbótó, ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ba síbi ihò náà bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì.

Ìyá Télọ̀ ò tẹ̀ ba. Ó dúró gangan, ó gbé ohùn sókè, ó ní fọ́ọ̀mù ìsun pàǹtí ni òun wá gbà.

Akọ̀wé wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín ìyájú, ó kàn rẹ́rìn-ín bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ tó ní òun fẹ́ wa ọkọ̀. Ó ní kí ìyá lọ rán ọmọ rẹ̀ wá. Ó ní ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbàlagbà, pé àwọn kì í fún ẹni tó bá ti dàgbà jù.

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Bó ṣe wà nínú òfin nìyẹn, mà."

Òfin náà wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, nínú férémù. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó fi sójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè ketekete, kí àwọn tó jókòó lè gbọ́. Òkìtì pàǹtí kò gbọ́dọ̀ ga ju ìbàdí èèyàn lọ. Etí òkìtì gbọ́dọ̀ jìnnà sí fẹ́ǹsì àti ilé ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ ro ilẹ̀ yí i ká títí tí erùpẹ̀ á fi hàn. Ewé àti igi gbígbẹ nìkan, kò sáyè fún náílọ̀n, táyà tàbí pákó tí wọ́n kùn lọ́dà. Omi gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Ẹ má dáná tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn aago méje àárọ̀, kó parí kó tó di aago méjìlá. Panápaná gbọ́dọ̀ wá wò ó láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àgbàlagbà mìíràn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun máa wà níbẹ̀ títí eérú á fi tutù.

Ó yọ awò ojú.

"Ọmọ mi, òfin mẹ́sàn-án ni mo kà. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti rí 'àgbàlagbà' níbẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n wá a wá ni. Bóyá kí o bá mi kọ ìkẹwàá sí i, kí o sì fọwọ́ sí i, kí n lè mọ ẹni tí màá bá ṣẹjọ́."

Bàbá kan tó jókòó lórí àga onípáálí rẹ́rìn-ín títí àga fi mì. Ojú ti akọ̀wé, ó fa dúrọ́ọ̀ jáde, ó ti fọ́ọ̀mù gba abẹ́ gíláàsì. Ṣùgbọ́n ọmọ tó dáa ni, ẹ má jẹ́ n purọ́ mọ́ ọn, ó tẹ̀ ba sí ihò náà fúnra rẹ̀, ó ní, "Ẹ tètè ṣe é o, mà. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí la máa fúnni gbẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀, ó tún di ìgbà òjò."

Sátidé kan náà. Ìyá Télọ̀ ká fọ́ọ̀mù sí mẹ́rin, ó fi sínú àpò.

Àyè kan ló ṣófo nínú fọ́ọ̀mù náà lẹ́yìn tó kọ gbogbo rẹ̀ tán: àyè ẹni tó máa ṣọ́ iná. Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Ọmọ ní rárá. Ó ní tí òun bá fọwọ́ sí i, tí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, òun náà lòun dáná sun ìyá òun. Ó tún fi kún un pé láìsí ẹni tó máa fọwọ́ sí i, kò síwèé àṣẹ, kí ìyá jọ̀ọ́ má da ara rẹ̀ láàmú mọ́. Ìyá Télọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé fóònù kalẹ̀, ó wo fẹ́ǹsì.

Ó tó oṣù mẹ́rin tí kò ti gba ẹnu ọ̀nà Tíṣà wọlé. Ó bá a níwájú ilé, ó ń kun bàtà tí kò ní wọ̀ lọ síbì kankan. Wọ́n kíra. Bọ́ọ̀ṣì ń lọ, ó ń bọ̀ lórí bàtà.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ lẹ́tà nípa mi."

"Èmi ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ ọ́ kí ó tó dùn mọ́ mi lẹ́nu."

"Mo kà á lọ́wọ́ àwọn panápaná. Ó dùn ún kà. Ẹ pè mí ní ewu tó ń rìn." Ó na fọ́ọ̀mù sí i. "Mo fẹ́ kí ẹ fọwọ́ síbí. Ẹ̀yin lẹ máa bá mi ṣọ́ iná."

Bọ́ọ̀ṣì dúró.

"Èmi kẹ̀?"

"Imú yín máa ń gbóòórùn èéfín mi kí n tó ra ìṣáná. Ní gbogbo òpópónà yìí, ta ló máa ṣọ́ iná mi jù yín lọ? Ẹni tó ń gbàdúrà kó jó dáadáa lè sùn lọ. Ẹni tó ń retí kó bàjẹ́ ò ní ṣẹ́jú."

Tíṣà dìde, ó wọlé, ìyá sì rò pé ó tán. Àmọ́ ó tún jáde, ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Télọ̀ mọ ṣẹ́ẹ̀tì náà kó tó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Òun ló rán an fún un nígbà tó ń fẹ̀yìn tì, tó sì fi ọjọ́ méjì ṣe kọ́là nìkan. Ihò kan wà ní èjìká rẹ̀, tí iná jó yípo bí orí abẹ́rẹ́ ńlá. Iná ewé ọjọ́ yẹn ni. Ẹ̀ta iná kan ló fò kọjá fẹ́ǹsì, ó bà lé okùn tí wọ́n sá aṣọ sí.

Ìyá Télọ̀ ti ìka bọ ihò náà.

"Kí ló dé tí ẹ ò gbé e wá kí n tún un ṣe?"

"Inú ló ń bí mi."

"Ẹ sì rí bébà fi kọ lẹ́tà, ẹ ò rí ẹsẹ̀ gbé ṣẹ́ẹ̀tì dé ẹ̀yìn fẹ́ǹsì." Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì náà sí abíyá. "Tíṣà, iná tí mo fẹ́ dá ní báyìí kì í ṣe irú ti àná. Ẹ bá mi fọwọ́ sí i."

Ó fọwọ́ sí i, ó sì fi ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń máàkì ìwé ìdánwò. Ó kìlọ̀ fún un pé tó bá rú ẹyọ òfin kan, òun náà lòun máa tún kọ lẹ́tà. Ìyá ní kó lọ ra ínkì sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣiṣẹ́ náà. Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, ó ń fi ayùn gé ẹ̀ka sí gígùn apá, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń gé bébà àwòṣe. Tó bá rẹ̀ ẹ́, á jókòó sórí èyí tó gé tán. Ó ń sá ewé, ó ń yí i padà. Ó ro ilẹ̀ yí ibi tó fẹ́ kó o sí ká títí tí erùpẹ̀ fi pupa. Ó pọn omi kún àgbá méjì, ó fa rọ́bà omi láti kíṣìnì dé àárín àgbàlá, ó gbé ṣọ́bìrì tì í. Ẹni tó bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù. Bí ọ̀rọ̀ bá sì di ti iná, ìyẹn kì í ṣòwe mọ́.

Nígbà tó kan ìwọ̀n, ó yọ téèpù rẹ̀ lọ́rùn. Téèpù aṣọ ni, onííǹṣì ọgọ́ta, èyí tí ọ̀gá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó kọ́ṣẹ́ tán. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Téèpù yẹn náà ti ń di àkísà. Irin orí rẹ̀ ti jábọ́ láti ọdún gbọ́nhan, etí rẹ̀ ya, ìyá gé íǹṣì àkọ́kọ́ kúrò, ó fi òwú pupa ṣẹ́ ẹ. Láti ìgbà náà, òfin kìíní tí ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni pé ohun tí téèpù bá wí, yọ ọ̀kan kúrò níbẹ̀. Téèpù ní mẹ́tàdínlógójì, o kọ mẹ́rìndínlógójì. Ẹni tó bá gbàgbé, ẹ̀wù oníbàárà á fẹ̀ bí àpò, etí rẹ̀ á sì gbọ́ ohun tí kò fẹ́ gbọ́.

Ó tẹ́ téèpù láti ara fẹ́ǹsì Tíṣà, ó fi èèkàn kékeré sàmì síbi tó parí sí, ó tún tẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ọgọ́ta lọ́nà márùn-ún jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún íǹṣì, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gééré. Níbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ òkìtì rẹ̀. Ó tò ó bí aṣọ inú àpótí, ẹ̀ka nísàlẹ̀, ewé láàárín, kò jẹ́ kó ga kọjá ìbàdí, ìbàdí tirẹ̀, tí òun náà kò kúkú ga.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, ọmọ rẹ̀ ti dé kó tó di aago méje. Ó gbé ọkọ̀ akẹ́rù kan sẹ́nu géètì, páálí ńlá mẹ́rin ló sì tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Télọ̀ kọjá lára páálí náà bí ẹni tí kò rí wọn. Tíṣà gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n ti lẹ̀, tí èèyàn ò lè mọ ibi tó ti jó àyàfi tó bá fi ọwọ́ wá a. Bàtà rẹ̀ ń dán. Ó kí ọmọ náà, ó ní, "Ẹ kú òwúrọ̀, ọ̀gá ìbánigbófò. Èmi ni olùṣọ́."

Panápaná náà kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ìwé kékeré lọ́wọ́, téèpù onírin ní ìbàdí. Ó ti ọwọ́ bọ omi inú àgbá, ó ṣí rọ́bà omi, ó tì í. Ó yẹ inú òkìtì wò bóyá náílọ̀n wà níbẹ̀. Ó bu eruku, ó jù ú sókè, eruku sọ̀kalẹ̀ wálẹ̀ tààrà, kò yà síbì kankan. Gbogbo rẹ̀ ló ń máàkì. Ó fa téèpù onírin láti ara ilé dé òkìtì: ó jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fà á láti ara fẹ́ǹsì, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó tún fà á.

"Íǹṣì márùn-ún ló dín, mà."

Panápaná pa ìwé rẹ̀ dé, ó ní inú òun ò dùn sí i, gbogbo nǹkan yòókù dáa, àmọ́ òun ò lè fọwọ́ sí ohun tó dín. Kí wọ́n tún òkìtì náà tò, kí wọ́n wá gbàwé mìíràn tí òjò bá tún dé.

Ọmọ rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ lé e léjìká. "Màmá, ẹ ò ṣe nǹkan burúkú. Kò burú. Ẹ ti ń gbàgbé nǹkan díẹ̀díẹ̀ ni, bí ara ṣe ń rí nìyẹn."

Gbàgbé. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ti ń bọ̀ láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ó ti ń rìn yí ilé náà ká, ó wá wọlé báyìí. Ìyá Télọ̀ rò ó lọ́kàn: íǹṣì márùn-ún. Kì í ṣe mẹ́rin, kì í ṣe mẹ́fà. Ó wo téèpù ọrùn rẹ̀, ó wo etí tó fi òwú pupa ṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló tẹ́ ẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín débi pé ọmọ rẹ̀ bojú wẹ̀yìn bóyá kí òun pe dókítà.

Ó gbé ọwọ́ ọmọ kúrò léjìká.

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan. Íǹṣì kan ni mo gé lára téèpù yìí kí wọ́n tó bí ẹ. Tí mo bá wọn àyà, ọwọ́ mi ń yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Tí mo bá wọn ìbàdí, ọwọ́ mi ń yọ ọ́. Ogójì ọdún, mi ò wọn ẹni tó gùn dé ìdí téèpù rí, ká má tíì wá sọ ẹni tó gùn tó téèpù márùn-ún. Ọwọ́ mi ò mọ irú oníbàárà yìí, òun ló fà á." Ó yíjú sí panápaná. "Ọmọ mi, níbo lo wọ̀n ọ́n dé? Àárín òkìtì ni àbí etí?"

"Etí ni, mà. Bí òfin ṣe wí nìyẹn."

"Ṣé òfin ní kí n kó gbogbo rẹ̀ kúrò, àbí ó ní kí etí rẹ̀ jìnnà?"

Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó wò ó. "Kí etí rẹ̀ jìnnà."

"Bí ẹ̀wù bá fẹ̀ lára ìyàwó, ṣé wọ́n máa ń tú gbogbo rẹ̀, kí wọ́n sọ fún un pé kó padà wá lẹ́yìn òjò? Ẹ̀gbẹ́ la fi ń gbà á sínú. Jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Panápaná wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ibi méjì ló ṣì ń dúró de òun. Tíṣà tún ọ̀fun rẹ̀ ṣe, irú èyí tó ń mú kíláàsì dákẹ́ láyé ọjọ́sí.

"Ọ̀gá panápaná, nínú òfin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, èwo ló ní kí ẹ lọ kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé?"

Panápaná jókòó sórí àtẹ̀gùn kíṣìnì.

Ìyá Télọ̀ mú ayùn àti àpò kan, ó kúnlẹ̀ síbi etí òkìtì tó kọjú sí fẹ́ǹsì. Ọmọ rẹ̀ bọ́ kóòtù, ó ń bọ̀ wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Má fọwọ́ kàn án," ni ìyá wí láì wẹ̀yìn. "Tí o bá fọwọ́ kàn án lónìí, lọ́la wàá ní ìwọ lo ṣe é."

Ọmọ dúró níbi tó dé. Ìyá ń gé orí ẹ̀ka, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń jù wọ́n sínú àpò. Ewé tó bá yọ síta, ó ń fi ọwọ́ tì í wọlé bí ẹni ń tẹ ìṣẹ́po aṣọ. Eékún ń dùn ún, ó hàn lójú rẹ̀. Kò jẹ́ kó hàn lọ́wọ́ rẹ̀. Láti òpin kan dé òpin kejì, kò fo ẹyọ kan. Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀ dìde, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò láṣọ, ó ní, "Wọ̀n ọ́n."

Panápaná fa téèpù onírin. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n," ló wí, "íǹṣì méjì lé."

"Méjì yẹn, mo fi sílẹ̀ fún ara tó bá fẹ́ sanra."

Panápaná fọwọ́ sí i lórí orúnkún rẹ̀, ó fa ìwé àṣẹ náà ya, ó fi ọwọ́ méjèèjì na án sí i. Ìyá Télọ̀ fi pín-ìnnì kan kọ́ ọ sára okùn aṣọ, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá kọjá á ti rí i. Ó ṣáná sí igun kan. Ewé tó ti gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò jiyàn. Ó gbà á wẹ́rẹ́, èéfín sì gòkè tààrà bí òwú tí wọ́n fà. Tíṣà rọra yí iná náà ká, ọwọ́ lẹ́yìn, kò ṣẹ́jú.

Ìyá gbé garawa omi kan, ó gbé e fún ọmọ rẹ̀.

"Dì í mú. Tí ẹ̀ta bá fò, pa á."

"Màmá, mi ò fọwọ́ sí i."

"Mo mọ̀. Tíṣà ló fọwọ́ sí i. Ìwọ, omi ni kí o dì mú."

Ó sì dì í mú. Àádọ́ta ọdún ó dín díẹ̀ ni ọmọ yẹn, ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú garawa bí ìgbà tó wà ní kékeré tí bàbá rẹ̀ ń gbin igi yẹn, tí wọ́n ní kó máa bomi rin ín. Ó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, òkìtì ti di eérú. Wọ́n da omi sí i, wọ́n fi ṣọ́bìrì tú u, wọ́n tún da omi sí i. A kì í finá sórí òrùlé sùn. Tíṣà bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan eérú náà níbi márùn-ún, ó ní ó ti tutù, pé òun ò rí nǹkan kan kọ lẹ́tà lé lórí. Ó dà bíi pé ó dùn ún díẹ̀.

Ọmọ lọ kó páálí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò wí nǹkan kan. Àdéhùn rẹ̀ nìyẹn. Ó ti ń ṣí ọkọ̀ nígbà tó rí i tí ìyá rẹ̀ ń wọ́ àpò tó kó gígé ẹ̀ka sí bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé.

"Kí nìyẹn, Màmá?"

"O ní tí ẹ̀ka kan bá ṣẹ́ kù, wàá gbé ẹrù mi sínú ọkọ̀. Èyí ló ṣẹ́ kù." Ó gbé àpò náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. "Ó ti wọ inú àpò. Akólẹ̀ ilé tìrẹ náà á gbé e."

Ọmọ wo àpò, ó wo ìyá rẹ̀, tí eérú bá a dé ojú, tí téèpù àkísà wà lọ́rùn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹrù náà, ó rọra gbé e sínú ọkọ̀ bí ohun tó lè fọ́. Ìyá Télọ̀ dúró sí géètì títí ọkọ̀ fi yà ní ìkóríta, ó wá wọlé lọ wẹ̀.